Ọjọ́ Márùn-ún ní Garrett: Ìrìn-àjò Wíwá Ilé-ìwé Girama

Ọjọ́ Àìkú

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la gbéra ní Lanham, èmi àti ọmọ mi obìnrin. Bàbá wọn dúró ti àbúrò rẹ̀ nílé. Ilé ìwòsàn kan ní Oakland, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Maryland, ló gbà mí síṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ alẹ́ ni, mo sì gbọ́dọ̀ ti dé ibẹ̀ kí oṣù kẹjọ tó parí. Bí ilé-ìwé bá wọlé padà, ọmọ mi yìí á wà ní kíláàsì 10, àbúrò rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ kíláàsì 9. Ilé la sọ fún àwọn èèyàn pé a ń lọ wá, àmọ́ ilé-ìwé ni mo ń wá, torí pé àdírẹ́sì ilé ẹni ló ń sọ ilé-ìwé ìjọba tí ọmọ ẹni máa lọ. Ẹni tó bá ti sanwó ilé ti yan ilé-ìwé, ó mọ̀ ni o, kò mọ̀ ni o.

Ètò ìkànìyàn ọdún 2020 ka èèyàn 967,201 ní Prince George's, káúńtì (irú ìjọba ìbílẹ̀ tibí) tí a ti ń bọ̀. Ní káúńtì Garrett tí à ń lọ, 28,806 ni wọ́n kà. Ilé-ìwé girama ìjọba méjì ló wà níbẹ̀: Southern Garrett High School ní Oakland, àti Northern Garrett High School ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Accident. Méjì péré, mo ti rò ó pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ẹlẹgbẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, tó dàgbà ní irú ibẹ̀, ló ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n lo ọjọ́ mélòó kan, kí n sì lọ nígbà yìnyín.

Ọ̀nà márosẹ̀ I-270 la gbà dé Frederick, I-70 dé Hancock, lẹ́yìn náà I-68 tó ń gun òkè lọ. Kò pẹ́ tí a kúrò ní Hancock la dé Sideling Hill, níbi tí wọ́n ti la òkè sí méjì kí ọ̀nà lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ibi tí wọ́n gé yẹn jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 340. A dúró. Àpáta náà wà ní ìpele-ìpele, pupa, eérú, dúdú, gbogbo rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú bí abọ́ tí wọ́n tò léra. Ọmọ mi fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì dénú. Ogún ìṣẹ́jú ló fi dúró síbẹ̀ nínú òtútù, kò rántí pé òun ò wọ ìbọ̀wọ́. "Mọ́mì, ẹ wò ó, ti ìsàlẹ̀ yẹn ló dàgbà jù." Mo wò ó, mo sì wo ojú òun náà. Ilé-ìwé tí kò ní pa iná tó wà lójú yẹn ni mo ń wá.

Lẹ́yìn Cumberland, ọ̀nà náà gòkè gan-an. Àmì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó sọ pé a ti dé ibi tí omi ti ń pín: òjò tó bá rọ̀ sí ìhà tí a ti ń bọ̀ ń ṣàn lọ sí òkun Atlantic, èyí tó bá rọ̀ sí ìhà kejì ń gba odò Ohio àti Mississippi lọ sí ìyawọ̀ òkun Mexico. A ò tíì kọjá àmì náà dáadáa tí yìnyín fi bẹ̀rẹ̀.

Ní òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́, mo tún ṣí ìwé èsì ilé-ìwé tí ìpínlẹ̀ ń gbé jáde. Maryland ń fún ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀, láti orí ọ̀kan dé márùn-ún. Ohun tí wọ́n ń kó jọ fún ilé-ìwé girama ni èsì MCAP tó jẹ́ ìdánwò ìpínlẹ̀ náà, iye ọmọ tó ń jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, iye tó ti gbaradì fún kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí iṣẹ́, àti iye tó ń pa ilé-ìwé jẹ. Nǹkan bí ọjọ́ 180 ni ọdún ilé-ìwé. Ọmọ tó bá pa ọjọ́ 18 nínú rẹ̀ jẹ ti bọ́ sínú àwọn tí wọ́n ń kà sí ẹni tó ń pa ilé-ìwé jẹ jù, bó ṣàìsàn ni, bó sá ni.

Mo ti ka àwọn nọ́ńbà yìí tó ìgbà mẹ́wàá kí a tó kúrò nílé, mo sì ti ń fi wọ́n díwọ̀n ilé-ìwé méjèèjì. Alẹ́ yìí ni mo wá wo ìlà tí mo ti ń fò, ìlà àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú. Níbi tí nọ́ńbà ì bá wà, àmì ìràwọ̀ bíńtín ni mo ń rí, irú èyí tó wà lórí bọ́tìnnì fóònù. Ìpamọ́ àṣírí ló fà á: bí àwọn ọmọ kan ò bá pé mẹ́wàá, wọn kì í kọ èsì wọn síta, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ọmọ tí èsì náà jẹ́ tirẹ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà. Ọmọ mi ti sùn.

Ọjọ́ Ajé

Oakland ni olú-ìlú káúńtì. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rélùwéè Baltimore and Ohio, John W. Garrett, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ káúńtì náà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1872. Òun ló gbẹ̀yìn nínú àwọn káúńtì 23 tó wà ní Maryland. Ibùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́ ṣì wà láàárín ìlú, ó dúró dáadáa. A ò pẹ́ níbẹ̀.

A dé Southern Garrett ní aago mẹ́wàá. Olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà wá lálejò, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Bó ṣe ń mú wa kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kí àwọn ọmọ tí a ń pàdé lórúkọ. Ó béèrè ìyá ẹnì kan tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó sọ fún ẹlòmíì pé kó má gbàgbé fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ilé-ìwé tí ọmọ mi wà báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìsinsìnyí, ẹ̀ẹ̀kan ló fojú kan olùdámọ̀ràn tirẹ̀. Mo fi èyí sọ́kàn.

Ọmọ mi ti kọ ìbéèrè rẹ̀ sínú ìwé. Ó ti ṣe wákàtí 40 nínú iṣẹ́ ìsìn àdúgbò. Ṣé yóò bá òun dé ibí? Bẹ́ẹ̀ ni, ìpínlẹ̀ kan náà ni. Wákàtí 75 ni Maryland ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ọmọ kó tó gba ìwé ẹ̀rí, àti kírẹ́dìtì 21 ó kéré tán, ìyẹn máàkì tí wọ́n ń fún ọmọ fún iṣẹ́ tó bá yege. Ṣé òun lè sáré nínú ẹgbẹ́ eléré ìje? Bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá bèèrè nípa físíìsì, olùdámọ̀ràn sì fún un ní ìwé tó to gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ lè yàn. Ìwé náà gùn, ojú ọmọ mi sì tàn.

Níbẹ̀ ni mo ti béèrè ohun tí ẹlẹgbẹ́ mi kọ́ mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí, èwo lẹ ṣí lọ́dún yìí gan-an? Ọmọ mélòó ló sì jókòó sínú rẹ̀?"

Kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó yọ ìwé ńlá kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Kíláàsì, tíṣà àti wákàtí ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti pa àwọn kan rẹ́ tí wọ́n tún un kọ, débi pé ojú ìwé náà ti fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bí ọmọ tó yan kíláàsì kan ò bá tó, wọ́n lè máà ṣí i, tàbí kí wọ́n máa ṣí i lọ́dún kan, kí wọ́n fò ó lọ́dún kejì. Ọmọ tó bá fẹ́ ẹ lọ́dún tí kò sí á gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Tíṣà kan lè máa kọ́ iṣẹ́ mẹ́rin. Bó bá fẹ̀yìntì, ó lè pẹ́ kí wọ́n tó rí ẹni tó máa wá gbé lórí òkè yìí rọ́pò rẹ̀.

Ọmọ mi fi ìka wá físíìsì lórí ìwé náà. Ó rí i. Nọ́ńbà wà níbẹ̀, wọn ò sì pa á rẹ́. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀.

Mo béèrè nípa ìlà tí mo wò lálẹ́ àná náà. Mo fẹ́ mọ bí ọmọ dúdú ṣe máa ń rí níbẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá yíjú sí ọmọ mi fúnra rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ibí á máa wò ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, wọ́n á béèrè ìbéèrè tí kò mọ́gbọ́n dání, ọ̀pọ̀ á wá di ọ̀rẹ́. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá sí yàrá yìí, kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ kejì. Ìdáhùn tó dára ni. Mo ti gbọ́ èyí tí kò dára rí, ní ilé-ìwé kan tí mi ò ní dárúkọ, níbi tí wọ́n ti sọ fún mi pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, ìkéde dé: yìnyín ti pọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n sún ìwọlé síwájú pẹ̀lú wákàtí méjì. Yìnyín tó ń bọ́ ní Oakland lọ́dún lé ní ínṣì 100. Bí wọ́n bá ti ilé-ìwé pa lọ́pọ̀ ọjọ́, àfikún ọjọ́ lè wọ oṣù kẹfà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ro ti iṣẹ́ alẹ́. Aago méje àárọ̀ ni mo máa ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́, bàbá wọn á sì máa lọ sí Baltimore lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Irú àárọ̀ báyìí, ta ni yóò wà nílé?

Nígbà tí ọkọ̀ tó ń kó yìnyín ti kọjá, a wakọ̀ gba US 219 lọ sí McHenry, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún Deep Creek. Adágún náà kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n dí odò ní 1925 kí wọ́n lè fi omi rẹ̀ ṣe iná mànàmáná. Ilé ńláńlá yí i ká, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti tìpa. Ilé ìsinmi ni, ìlú míì làwọn tó ni wọ́n ń gbé. Ìnáwó ilé-ìwé so mọ́ àwọn ilé yìí lọ́nà tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Iye ọmọ àti bí káúńtì ṣe lówó sí ni ìpínlẹ̀ ń wò kó tó fún un lówó ilé-ìwé. Ilé etí adágún ń mú kí Garrett dà bí olówó lórí ìwé, nígbà tí owó tó ń wọ àpò ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ kò tó nǹkan, tí iye ọmọ ilé-ìwé náà sì ti ń dín kù láti ọdún pípẹ́. Ó ti mú kí wọ́n ti àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan pa. Inú mi ò dùn sí èyí rárá. Ọmọ àgbẹ̀ ò gbọ́dọ̀ fi kíláàsì rẹ̀ sanwó ilé tí ẹlòmíì ń wá lò lọ́sẹ̀ méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Garrett College wà ní McHenry, láàárín ilé-ìwé méjèèjì, ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀. Òfin tí wọ́n ń pè ní Blueprint, tó wọlé ní Maryland ní 2021, ló jẹ́ kí ọmọ girama tó bá ti yege ìwọ̀n ìgbaradì lè gba kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì láìsanwó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìjọba káúńtì ní ètò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ní Garrett College fún àwọn tó bá jáde ní girama káúńtì náà, tí wọ́n sì tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Ohun tó ń ṣòro ni ìrìn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kò sí lójú ọ̀nà bọ́ọ̀sì ilé gbogbo èèyàn; ọmọ tí kò ní ẹni tó máa gbé e, ọ̀fẹ́ náà lè kọjá lójú rẹ̀. Mo ní kí ọmọ mi kọ ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ọjọ́rú

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa ilé kan. Kí a tó kúrò ní Lanham ni mo ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní apá àríwá, lọ́nà Grantsville: yàrá mẹ́rin, igi ápù nínú ọgbà, owó ilé rẹ̀ kéré sí ti yàrá méjì tí a ń gbé. Bó bá jẹ́ èyí, Northern Garrett làwọn ọmọ máa lọ, ó sì wù mí bẹ́ẹ̀. Onílé sọ fún wa pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gan-an ni bọ́ọ̀sì ti ń gbé àwọn ọmọ ará ilé kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́.

A dé ibẹ̀ nínú òkùnkùn, a páàkì sí àyè kan. Ọmọ mi ló di fóònù mú. Bọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú iná pupa tó ń ṣẹ́jú. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú dúró, tẹ̀yìn náà dúró, bí òfin ṣe wí. Ọmọbìnrin kan gòkè, irun rẹ̀ ṣì tutù láti ilé ìwẹ̀, mo rí èéfín òtútù tó ń ti orí rẹ̀ jáde nínú iná ọkọ̀ mi. Ọmọ mi tẹ aago. A jẹ́ kí bọ́ọ̀sì náà lọ jìnnà díẹ̀, àwa náà gba ọ̀nà yẹn. Ó ń dúró, ó ń lọ, ó yà wọ inú oko kan, ó jáde, ó gun òkè, ó tún dúró. Nígbà tí a dé Accident, ọmọ mi gbé fóònù náà sójú mi láìsọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú 52. Àti padà, ó sún mọ́ wákàtí méjì lójoojúmọ́, kí ẹnikẹ́ni tó mẹ́nu kan iṣẹ́ àmúrelé. Ọmọ tó bá sì dúró de eré ìdárayá lẹ́yìn ilé-ìwé, òbí rẹ̀ ló máa wá gbé e.

Àwọn ará ìlú náà ń sọ ìtàn orúkọ Accident. Wọ́n ní àwọn awọnlẹ̀ ikọ̀ méjì ló wọn ilẹ̀ kan náà ní 1774 láìmọ̀ pé àwọn mìíràn ti wà lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe di ilẹ̀ èèṣì nìyẹn. Ilé-ìwé náà dára. Wọ́n gba ọmọ mi láàyè láti tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ kíláàsì méjì. Èmi jókòó lẹ́bàá ọ́fíìsì, mo ń wo àwọn ọmọ tó ń kọjá. Púpọ̀ nínú wọn wọ bàtà iṣẹ́ oko, àwọn kan ń sọ̀rọ̀ màlúù tó fẹ́ bímọ. Mo bi olùdámọ̀ràn wọn ní ìbéèrè pẹ́ńsù, òun náà dá mi lóhùn láìfi nǹkan pamọ́, ìdáhùn rẹ̀ sì jọ ti Oakland púpọ̀ ju bí ìràwọ̀ orí kọ̀ǹpútà ṣe jẹ́ kí n rò lọ. Òun ló là mí lóye lórí nọ́ńbà: bí ọmọ ọgọ́rùn-ún bá wà ní kíláàsì kan, ọmọ kan tó ṣubú lórí yìnyín tó fi oṣù kan wà nílé ti yí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún padà. Ní Prince George's, ẹnì kan kò lè mi nọ́ńbà kankan. Èmi tí mo ti ń fi ìdá méjì, ìdá mẹ́ta ṣe ìyàtọ̀ láàárín ilé-ìwé méjèèjì láti oṣù kìíní, àṣé ìtàn ọmọ méjì, ọmọ mẹ́ta ni mo ń kà.

Ọmọ mi jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọmọ tó tẹ̀ lé ti bi í bóyá irun dídì rẹ̀ ń dùn ún. "Kí lo sọ?" "Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ àkọ́kọ́."

Lálẹ́, a pe bàbá wọn. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé orí ìṣẹ́jú 52, ó ní, "Ọjọ́ tí yìnyín bá bọ́ ńkọ́?" Mi ò ní ìdáhùn tí mo fẹ́ràn. Ọmọ mi gba fóònù. "Dádì, ẹ má jẹ́ ká gba ilé igi ápù yẹn. Ilé-ìwé ibẹ̀ dáa o. Ọ̀nà ẹ̀ ló jìn." Èmi ni mo fẹ́ràn ilé náà jù, òun ló sì sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀

A wo ilé kékeré kan ní ẹ̀yìn Oakland láàárọ̀. Yàrá mẹ́ta, kò sí ọgbà, ilé ìdáná rẹ̀ há. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni bọ́ọ̀sì ń lò láti ibẹ̀ dé Southern Garrett. Bó bá di ọ̀ràn-anyàn, ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn ín. Ó sún mọ́ ilé ìwòsàn náà débi pé bí mo bá bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní aago méje, mo lè bá wọn nílé kí wọ́n tó jáde lọ́jọ́ tí ìwọlé bá sún síwájú.

Kí a tó padà, a gba gúúsù ìlú, níbi tí àwọn Amish, ìjọ Kristẹni kan tó di ìgbé ayé àtijọ́ mú, ń gbé. Ilé-ìwé ìjọba kékeré kan wà lágbègbè náà, Swan Meadow, tó dúró ní kíláàsì 8, àwọn ọmọ wọn sì ń lọ síbẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ló sọ ní 1972, nínú ẹjọ́ Wisconsin v. Yoder, pé ìjọba ò lè fipá mú ọmọ Amish lọ sí ilé-ìwé lẹ́yìn kíláàsì yẹn. Ọmọ mi béèrè bóyá ọmọ Amish tó bá fẹ́ràn àpáta lè kọ́ nípa rẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Ìbéèrè náà gbà wá dé Cumberland.

Mo ti sanwó ìdúró ilé náà kí a tó bọ́ sórí I-68. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-ìwé wà lórí ẹsẹ̀ ọmọ mi, ó ń kọ ọ́ bí mo ṣe ń wakọ̀: ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, èsì kíláàsì 9, ẹ̀rí àdírẹ́sì. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè irú ẹ̀yà tí ó jẹ́, ó fa àmì sí i, ó sì yọ fọ́ọ̀mù kejì jáde láti kọ ti àbúrò rẹ̀.